Gìtá Fender tí wọ́n ní 1963 ni wọ́n ṣe é: ẹ bá mi wo inú rẹ̀ kí n tó sanwó

Okùn_Kẹfà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ojú tó ti rí gìtá àtijọ́ dáadáa ni mo ń wá. Ẹnì kan fẹ́ ta gìtá oníná kan fún mi, Stratocaster ni, irú gìtá kan tí ilé iṣẹ́ Fender ti Amẹ́ríkà ń ṣe. Orí rẹ̀ kéré bíi ti ayé ijọ́un, wọ́n sì kọ Fender sí i ní lẹ́tà góòlù tín-ín-rín. Irin onígun mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn àti ara ti pàdé, ní nọ́ńbà tó fi L bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ló wọnú ara wọn lára rẹ̀: dúdú létí, pupa tẹ̀lé e, àwọ̀ ìyeyè láàárín. Igi rosewood ni ojú ọrùn rẹ̀. Ọ̀dà ti bó níbi tí apá eléré máa ń gbé lé.

Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní 1963 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, L yẹn ló sì fi ń jẹ́rìí. Ó ti gbà kí n mú un sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fún mi láyè láti tú u wò. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n owó tó ń béèrè kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ìfẹ́ ohùn nìkan san. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Àtúnṣe:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kí o tó yọ owó. Orúkọ orí àti nọ́ńbà ẹ̀yìn tó o fi ṣáájú yẹn, àwọn ni èmi máa ń wò gbẹ̀yìn. Orúkọ, awọ fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi ni. Ẹni tó bá ní omi àti sùúrù lè lẹ òmíràn. Irin ẹ̀yìn, sukúrù mẹ́rin péré ló dè é mú. Ẹni tó bá ti lè yọ sukúrù mẹ́rin lè sọ gìtá àná di gìtá 1963 kí omi tó hó.

Lóòótọ́ ni Fender lo nọ́ńbà tó fi L bẹ̀rẹ̀, láti ìparí 1962 títí wọ 1965. Àmọ́ àwọn irin yẹn kò tẹ̀léra. Inú àpótí ni wọ́n dà wọ́n sí, òṣìṣẹ́ á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò dè mọ́ gìtá tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, irin ojúlówó pàápàá kò lè sọ ọdún kan pàtó, ká má tíì sọ ti ayédèrú tó kún ọjà.

Ṣe báyìí. Dẹ okùn díẹ̀díẹ̀, kí o wá yọ gbogbo rẹ̀. Yọ sukúrù mẹ́rin ẹ̀yìn, kí o mi ọrùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó fi jáde. Má fi ohunkóhun jàn án. Ya fọ́tò ìdí ọrùn, kí o ya kòtò tí ọrùn ti jáde náà. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ sukúrù ike ojú, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tó bo ojú gìtá. Mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́ bó bá jẹ́ ti 1963; mẹ́jọ ni wọ́n ń lò kó tó di 1959. Yí ike náà dojú dé sórí aṣọ tó mọ́, kí o má gé wáyà kankan. Ìmọ́lẹ̀ tó dá ṣáká ni kí o fi ya gbogbo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá àwọn ibi tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ_Jẹ́_Ká_Wò_Ó:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ti dá gìtá náà lẹ́bi kí wọ́n tó tú u. Gìtá tó bá ti lo ọgọ́ta ọdún lọ́wọ́ àwọn eléré kì í bá ara rẹ̀ dé bó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò máa ń kú. Irin tí wọ́n fi ń fa okùn le máa ń jẹ. Fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, a máa jẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ojúlówó 1964 tí kò sí nǹkan kan nínú iná rẹ̀ tó jẹ́ ti 1964 mọ́, igi rẹ̀ sì tún jẹ́ igi 1964. Bí Okùn_Kẹfà bá rí ohun tuntun nínú rẹ̀, kì í ṣe pé ayédèrú ni.

Àkójọ_Gìtá:
Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ_Jẹ́_Ká_Wò_Ó. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ẹlẹ́rìí tó ṣe é rà àti ẹlẹ́rìí tí kò ṣe é rà. Ohun tí sukudíráfà lè yọ kò lè jẹ́rìí púpọ̀: irin ẹ̀yìn, irin orí, ike ojú. Ohun tí wọ́n fi òjé jó mọ́ra lágbára díẹ̀ jù ú lọ, nítorí ojú òjé tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún yọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jó o máa ń hàn: ó máa ń pòkúdu, eruku ti bá a lò pẹ́. Èyí tó lágbára jù ni ohun tí wọ́n ṣe sí igi kí wọ́n tó kùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀kan, torí òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Títí di nǹkan bí ìparí 1964, Fender máa ń kan ìṣó kéékèèké mélòó kan mọ́ ojú ara gìtá kí wọ́n tó kùn ún. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà sí ojú tán, wọ́n á yí i dojú dé, àwọn ìṣó yẹn ló máa gbé e dúró kí ojú má bàa kan tábìlì nígbà tó bá ń gbẹ. Ó gbẹ tán, wọ́n á fa ìṣó yọ. Ihò tó bá kù, abẹ́ ike ojú àti abẹ́ àwọn irin mìíràn ló máa ń bọ́ sí, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ohun tó yẹ kí o wò dáadáa nìyí: ìṣó wà nínú ihò yẹn nígbà tí wọ́n ń kùn. Nítorí náà, inú ihò ojúlówó kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà. Igi gbígbẹ lásán ló yẹ kí o rí nínú rẹ̀, ọ̀dà á sì dúró létí ihò, nígbà míì á fọ́ wẹ́wẹ́ yí i ká níbi tí wọ́n ti fa ìṣó tu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú máa ń gbàgbé ihò yìí pátápátá, tàbí kó lu ihò kó tó kùn ún, kí ọ̀dà sì ṣàn wọ inú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kékeré àti gíláàsì amúǹkan-tóbi ti tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wo kòtò ọrùn náà. Ní àkókò tí ẹni yẹn ń sọ, wọ́n máa ń de igi pẹlẹbẹ kan mọ́ kòtò yẹn láti fi di ara gìtá mú bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọ̀dà sí i. Ibi tí igi yẹn bò kò ní gba ọ̀dà, àpá rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí ayé.

Ìdí ọrùn wá ńkọ́? Láti 1962 ni wọ́n ti ń tẹ oǹtẹ̀ sí i: nọ́ńbà, oṣù, ọdún, àti lẹ́tà kan níparí. Púpọ̀ èèyàn máa ń ka nọ́ńbà iwájú yẹn bí ọjọ́ inú oṣù. Kì í ṣe ọjọ́. Irú gìtá tí ọrùn náà wà fún ló ń sọ, lẹ́tà ìparí sì ń sọ bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó. Bí oǹtẹ̀ kò bá sí, ìyẹn nìkan kò tó láti fi dá a lẹ́bi, nítorí oǹtẹ̀ a máa ṣá, wọ́n sì lè fi yanrìn ha á kúrò. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Okùn_Kẹfà:
Mo ti tú u. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi fọ́tò hàn yín kó yé yín tán, mo máa fi ẹnu ròyìn ohun tí mo rí.

Ìdí ọrùn: kò sí oǹtẹ̀ kankan. Igi rẹ̀ mọ́ ju èyí tó yí i ká lọ, bíi pé wọ́n ti fi yanrìn ha á. Ọ̀dà dídán wà lẹ́yìn ọrùn, àmọ́ níbi ìdí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, ó dán ní ọ̀nà mìíràn, ó sì nípọn díẹ̀ tí èékánná bá gba orí rẹ̀ kọjá.

Kòtò ọrùn: ọ̀dà bò ó láti etí dé etí. Mi ò rí àpá igi kankan.

Abẹ́ ike ojú: gbogbo kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn) àti fún iná ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú kan kùn nínú, kò dán, ó rí bí èédú. Wáyà kan wà tí wọ́n fi sukúrù dè mọ́ ọ̀dà dúdú yẹn. Mo wá ihò ìṣó kárí gbogbo ojú, mi ò rí ẹyọ kan. Ọ̀dà náà tẹ́jú bọrọgidi.

Iná rẹ̀: ike ló bo àwọn wáyà, kì í ṣe aṣọ. Mẹ́ta tí wọ́n fi ń yí ohùn kéré, mi ò rí nọ́ńbà 304 tàbí 137 tí mo kà pé ó máa ń wà lẹ́yìn wọn. Ojú òjé wọn rí bákan náà, kò dà bí ẹni pé ẹnì kankan ti tú wọn rí. Ìyẹn ló rú mi lójú: tí wọ́n bá pààrọ̀ wọn, ṣé kò yẹ kí n rí àpá àtúnṣe?

Àgbà_Àtúnṣe:
Ojú rẹ ríran. Ohun tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn ló wúwo jù.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé 304 àti 137 fún ẹni tó bá ń kà á. Àwọn ohun tí a ń yí fún fólúùmù àti tóònù, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní pot, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é: 304 ni Stackpole, 137 ni CTS. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì ìparí sì ni ọ̀sẹ̀ inú ọdún náà. Bí o bá rí 1376634, CTS ló ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 1966. Ọjọ́ orí pot ni èyí ń sọ, kì í ṣe ti gìtá. Gìtá kò lè dàgbà ju pot tí wọ́n kọ́kọ́ dè mọ́ ọn lọ, àmọ́ ó lè kéré sí i gan-an: Fender ra pot jọ rẹpẹtẹ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1970.

Gìtá tìrẹ kò ní nọ́ńbà yẹn rárá. Yọ bọ́tìnnì funfun orí ọ̀kan nínú wọn, kí o ka eyín tó wà lórí irin tó ń yí. Ti CTS ti Amẹ́ríkà máa ń ní eyín mẹ́rìnlélógún. Tó bá jẹ́ méjìdínlógún, ó sábà máa ń jẹ́ ti Éṣíà.

Nípa ọ̀dà dúdú: ọ̀dà tó ń gbé iná ni. Wọ́n fi ń dènà ariwo iná kó má wọlé sínú ohùn. Fender kò kun kòtò Stratocaster bẹ́ẹ̀ ní 1963. Mo ti bá a pàdé lọ́pọ̀ ìgbà nínú Fender tí wọ́n ṣe ní Japan láàárín 1982 sí 1990. Ojú òjé tí kò ní àpá àtúnṣe, wáyà oníke, ọ̀dà dúdú: gbogbo rẹ̀ bá ara wọn mu, ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

Ohùn_Dídùn:
Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró. Tèmi kò tilẹ̀ ní orúkọ lórí rárá, ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ sì rí róbótó pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́ márùn-ún nínú, wáyà gìtá lásán kò wọ̀ ọ́. Ó wúwo bí òkúta. Ibo nirú èyí ti wá?

Àkójọ_Gìtá:
Ohùn_Dídùn, ihò oníhò márùn-ún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ lóhùn tán. Àwọn ilé iṣẹ́ ìlà oòrùn Yúróòpù ló lò ó, Soviet Union ní pàtàkì. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí inú rẹ̀ bóyá wàá rí lẹ́tà Rọ́ṣíà. Tó bá nípọn tó sì wúwo bó o ṣe wí, Ural ni kí o kọ́kọ́ fi wé, èyí tí wọ́n ṣe ní Sverdlovsk, ìlú tí wọ́n ń pè ní Yekaterinburg báyìí. Má gé ihò yẹn kúrò láti fi òmíràn sí i. Wá wáyà tó bá a mu.

Fún ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ aláìlórúkọ bákan náà, ohun díẹ̀ tó máa ń yára fọ̀nà hàn nìyí. Bí irin ẹ̀yìn bá ní àkọlé “Steel Reinforced Neck”, Japan ni, nígbà púpọ̀ Teisco tàbí Kawai, tó ra Teisco ní 1967. Bó bá jẹ́ “Steel Adjustable Neck”, ilé iṣẹ́ Matsumoku ní ìlú Matsumoto ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ike dídán wínníwínní ni wọ́n fi bo igi, tí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ sì tò lọ lójú rẹ̀, ẹ wo apá Ítálì: Eko ti ìlú Recanati wà nínú àwọn tó ṣe irú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe dùùrù alápò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì lò. Bí Silvertone bá wà lórí, orúkọ tí Sears, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fi ń tajà nígbà náà ni, Sears kò ṣe gìtá náà. Danelectro, Harmony, Kay tàbí Valco ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ṣe é. Èyí tó jẹ́ ti Danelectro rọrùn láti mọ̀, torí pé pákó Masonite ni ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, irin pickup rẹ̀ sì jọ ọ̀pá ìkunnu-ètè tí àwọn obìnrin ń lò, torí pé òun gan-an ni wọ́n rà tí wọ́n fi ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ti Okùn_Kẹfà.

Ẹ_Jẹ́_Ká_Wò_Ó:
Mo ṣì ní ohun kan láti bi. Ṣé kò lè jẹ́ pé ara gìtá náà jẹ́ ti 1963, tí ẹnì kan wá bó ọ̀dà rẹ̀, tó tún un kùn, tó sì fi iná Japan sí i? Ẹni tó bá tún un kùn lè fi ọ̀dà dí ihò ìṣó, kó sì kun kòtò ọrùn pọ̀. A ti rí irú rẹ̀.

Àgbà_Àtúnṣe:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì ní ọ̀nà tí a lè fi dáhùn rẹ̀.

Igi lákọ̀ọ́kọ́. Stratocaster aláwọ̀ mẹ́ta ti 1963, igi alder ni ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú ti Japan ti àkókò tí mò ń wí jẹ́ basswood: ó fúyẹ́, ó rọ̀ débi pé èékánná lè tẹ̀ ẹ́, ìlà inú rẹ̀ kò sì hàn. Okùn_Kẹfà, wo inú ihò sukúrù ike ojú tàbí ibi tí ọ̀dà ti bó létí apá.

Ọ̀dà lẹ́yìn ìyẹn. Nitrocellulose ni Fender ń fọ́n sí ara gìtá ní 1963. Acetone, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná, máa ń yọ́ ọ. Kì í sábà yọ́ ọ̀dà polyester àti polyurethane. Tó bá jẹ́ pé tìrẹ ni, mi ò bá ní kí o fi òwú tó ní acetone kan ibi tó fara sin nínú kòtò ọrùn. Ṣùgbọ́n gìtá ẹlòmíràn ni, o ò tíì ra á. Má fi acetone kàn án. Lo iná UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Nitro, ìyẹn nitrocellulose, tó ti dàgbà máa ń tàn bí àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, ibi tí wọ́n bá tún kùn á sì yàtọ̀ gedegbe. Iná yìí kò lè dájọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ ó máa ń tú àṣírí ibi tí ọwọ́ ti tún dé.

Tan iná UV yẹn sí ìdí ọrùn, lẹ́yìn, níbi tó o ní ó nípọn yẹn. Òun ni mo ń retí.

Okùn_Kẹfà:
Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ èyí.

Eyín orí pot: méjìdínlógún ni, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi tó yọ létí apá funfun bíi wàrà, mi ò rí ìlà kankan nínú rẹ̀, mo sì fi èékánná tẹ inú ihò sukúrù, ó gba èékánná. Lábẹ́ iná UV, gbogbo ara gìtá tàn ṣíṣú bákan náà. Kò sí àwọ̀ ewé níbì kankan.

Ìdí ọrùn ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Nínú òkùnkùn, ibì kan tó gùn bí ìka kékeré dúdú ju ìyókù lọ, etí rẹ̀ sì gún régé bíi pé wọ́n fi tépù yí i ká kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà sí i. Mo pa iná UV, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì lásán láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa ré kọjá lórí igi náà. Òjìji lẹ́tà wà nísàlẹ̀ ọ̀dà. Igi tí lẹ́tà náà ti ṣíji bò funfun díẹ̀ ju igi tó yí i ká lọ. Mo rí J kan, P kan, àti ìlà tó dà bí N níparí. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò lè kà á tán.

Àkójọ_Gìtá:
“Made in Japan” nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí lára ọ̀pọ̀ wọn, tòun ti nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹnì kan ti ha á kúrò, ó fọ́n ọ̀dà lé e, ó wá de irin L mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gìtá yìí jẹ́, torí ó yẹ kí á sọ ìtàn rẹ̀ fún un dáadáa. Ní 1982, Fender dá ẹ̀ka Japan sílẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Japan méjì, Kanda Shokai àti Yamano. FujiGen, ilé iṣẹ́ kan ní Matsumoto, ló kọ́kọ́ ń ṣe gìtá náà fún wọn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àwọn ará Japan ti ń ṣe àwòkọ tó dára débi pé àwọn eléré ń sọ pé ó sàn ju ohun tí Fender fúnra rẹ̀ ń ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà náà, lábẹ́ CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ti ra ilé iṣẹ́ náà láti 1965. Stratocaster ti 1962 wà lára ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ pé kí wọ́n ṣe àwòkọ rẹ̀: orí kékeré, lẹ́tà góòlù tín-ín-rín, ojú ọrùn rosewood, ike ojú oní-sukúrù mọ́kànlá. Gbogbo ohun tí ojú lè rí lókèèrè ni wọ́n fara wé, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Nígbà tí CBS ta Fender ní 1985, ilé iṣẹ́ Fender tó wà ní Fullerton ní Amẹ́ríkà kò sí nínú ohun tí wọ́n tà, gìtá tó ń ti Japan bọ̀ ló sì gbé orúkọ náà dúró fún àkókò kan.

Nítorí náà, orúkọ orí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Fender ni, Fender ojúlówó. Irọ́ wà nínú irin ẹ̀yìn àti nínú ohun tí wọ́n ha kúrò ní ìdí ọrùn. Ohun tó bí mi nínú ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn Matsumoto ni wọ́n pa rẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún un kó tó níyì.

Ẹ_Jẹ́_Ká_Wò_Ó:
Eyín pot, igi, ọ̀dà, ihò ìṣó tí kò sí, òjìji lẹ́tà. Márùn-ún ń sọ ohun kan náà, kò sì sí èyí tó ń sọ 1963 àyàfi irin tó ṣe é yọ. Mo gbà.

Ohùn_Dídùn:
Kí n tún béèrè: ṣé báyìí náà ni wọ́n ń ṣe wo Gibson, gìtá ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kejì yẹn?

Àgbà_Àtúnṣe:
Ìrònú kan náà ni, ohun tí a ń wò ló yàtọ̀. Lẹ pọ̀ ni wọ́n lẹ ọrùn Gibson mọ́ ara, o ò lè yọ ọ́. Nọ́ńbà ẹ̀yìn orí rẹ̀ láàárín 1961 sí 1970 kò ṣe é gbọ́kàn lé, torí wọ́n lo nọ́ńbà kan náà ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ní ti 1964 ni, tí “Made in USA” sì wà ní títẹ̀ lẹ́yìn orí, bi wọ́n léèrè, torí pé láti 1970 ló ti di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀ déédéé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ọmọ iṣẹ́. Pickup wọn tó gbajúmọ̀ jù, tí Seth Lover, ẹnjiníà Gibson, ṣe, ní bébà kékeré kan lẹ́yìn tó kà pé “Patent Applied For”, ìyẹn ni pé wọ́n ti béèrè ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi nọ́ńbà ẹ̀tọ́ sí bébà náà, 2,737,842 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti pickup rárá. Ti irin ìdí okùn tí Les Paul, gbajúmọ̀ onígìtá, gba ẹ̀tọ́ lé lórí ni. Ti Lover fúnra rẹ̀ ni 2,896,491. Nítorí náà, bí o bá rí nọ́ńbà tí kò bá ohun tó wà lára rẹ̀ mu lẹ́yìn pickup Gibson àtijọ́, má yára sọ pé ayédèrú ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde nílé iṣẹ́.

Okùn_Kẹfà:
Mo ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Mo fi fọ́tò ìdí ọrùn hàn án, mo sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú irin L yẹn, àti pé òun kò tú u rí. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní fún mi láyè láti tú u. Ó ti gbà kí a fi í sí iye tí wọ́n ń ta Fender Japan ti ìgbà yẹn, kí a sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí ohun tí wọ́n ha. Mo fẹ́ ra á. Ohùn rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ baba rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe sí irin ẹ̀yìn yẹn báyìí? Ṣé kí n ha ọ̀dà tí wọ́n fọ́n lé ìdí ọrùn kúrò, kí lẹ́tà lè jáde?

Àgbà_Àtúnṣe:
Má ha nǹkan kan kúrò. Òjìji tó o rí ni ẹ̀rí tó kù; bí yanrìn bá tún kàn án, yóò lọ pátápátá. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Irin L, yọ ọ́. Ra irin tí kò ní nọ́ńbà, kí o de ìyẹn dípò rẹ̀. Bí o bá tọ́jú irin L náà, fi nǹkan mímú họ àmì sójú rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa rí i lò fún irú iṣẹ́ yẹn mọ́.

Kọ ohun tí a rí síbí sórí bébà: basswood, eyín méjìdínlógún, ọ̀dà dúdú, ibi tí lẹ́tà wà àti èyí tó o rí kà nínú rẹ̀. Tẹ fọ́tò tọ́ọ̀ṣì yẹn jáde, kí o fi méjèèjì sínú àpò gìtá náà, kó máa bá a lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá máa rà á lọ́jọ́ iwájú. Tó o bá ń dá ọrùn padà, gbọn kòtò náà mọ́ kí ẹyọ yanrìn kan má kù síbẹ̀. Fọwọ́ le sukúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìdábùú, fi okùn méjì tó wà létí sí i kí o rí i pé wọ́n gba etí ojú ọrùn lọ tààrà, kí o wá le wọn tán.

Okùn_Kẹfà:
Ẹ ṣé o, bàbá. Mo ti ń kọ bébà náà lọ́wọ́. Mo máa gbé fọ́tò lẹ́tà yẹn síbí tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó gbà á dáadáa, bóyá ẹnì kan nínú yín á lè ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀.